Ẹ Gba Ṣọ́ọ̀kì Lọ́wọ́ Olùdámọ̀ràn Ilé Ìwé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo ti ń ka lẹ́tà tí àwọn òbí ń kọ sí yín lórí ìwà àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Ọ̀pọ̀ wọn ní kí wọ́n dá pàṣán padà sí kíláàsì, àwọn mìíràn ní kí wọ́n kó sójà wá sẹ́nu géètì. Mo mọ ohun tó ń bí wọn nínú, torí inú irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun. Àmọ́ nínú gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn, mi ò rí ẹni kan ṣoṣo tó bèèrè pé: olùdámọ̀ràn ilé ìwé ńkọ́? Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí láàyè láti sọ̀rọ̀ lé lórí.

"Gáídáǹsì" ni àwọn ọmọ ń pè wá. Lójú ọ̀pọ̀ òbí, àwa la máa ń sọ fún ọmọ bí wọ́n ṣe ń gba fọ́ọ̀mù JAMB, àwa náà la sì máa ń bá ọmọ tó lóyún wí. Iṣẹ́ yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 1959, níbí ní Ìbàdàn, àwọn sister ìjọ Àgùdà tó wà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, ké sí 20 èèyàn tó gbówọ́ nídìí iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Nínú 60 ọmọ, 54 ló ríṣẹ́. Ibẹ̀ ni àwa olùdámọ̀ràn ti máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà. A dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ ní 1976, nígbà tó sì di 1977, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí là á mọ́lẹ̀ pé kí ìjọba yan olùdámọ̀ràn sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìdí méjì ni wọ́n sọ: ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò mọ ohun tó wà nídìí iṣẹ́ kankan, àwọn ọmọ kan sì wà tí ọkàn àti ìwà wọn kò fara rọ. Ìdí kejì yẹn la gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á gba ẹni tó lọ kọ́ ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní yunifásítì. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, prínsípà á ní olùkọ́ Civic kò sí, kó jọ̀ọ́ bá òun mú JSS2. Ó máa mú un. Kí sáà tó parí, wọ́n á ti fi Government kún un, rẹ́jísítà kíláàsì kan á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló sì máa dúró ní géètì láàárọ̀ pẹ̀lú pàṣán láti mú àwọn tó pẹ́. Mi ò dá prínsípà lẹ́bi, olùkọ́ ò tó ni. Àmọ́ ọmọ tí o nà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kò ní wá bá ọ ní aago mọ́kànlá láti sọ pé ọkọ ìyá òun máa ń fọwọ́ pa òun lára lóru.

Yàrá ńkọ́? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, igun kan nínú yàrá àwọn olùkọ́ ni tábìlì mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì olùkọ́ Mátíìsì. Ọmọ á wọlé, á kúnlẹ̀ kí gbogbo olùkọ́ yípo, á wá dúró síwájú mi. Màá ní, "Kí ló dé, ọmọ mi?" Á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Kò sí nǹkan kan, mà." Á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lábẹ́ igi furúùtù lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo gbọ́ nídìí tábìlì yẹn lọ fíìfíì. Àwọn tó bá sì rí ọmọ tó ń bá mi sọ̀rọ̀ á ti máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí rẹ̀ ti ń yí. Ọmọ wo ló máa padà wá?

Ọmọkùnrin kan wà ní JSS3 tí gbogbo olùkọ́ ń pè ní olódo àti aláìgbọràn. Tó bá ti ku ẹni méjì kí ìwé kíkà kàn án ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, á nawọ́: ó fẹ́ lọ fọ dọ́sítà, ó fẹ́ lọ pọn omi sí ọ́fíìsì, ó fẹ́ lọ tọ̀. Bí wọn ò bá jẹ́ kó lọ, á bú ẹni tó jókòó tì í kí wọ́n lè lé e síta. Wọ́n nà án títí, ẹgba ò ran án. Mo kíyè sí i pé kì í ṣe é ní kíláàsì Mátíìsì, kì í sì í ṣe é nígbà tí olùkọ́ bá ń sọ ìtàn. Lọ́jọ́ kan tí àwọn olùkọ́ ti lọ sílé, mo jókòó tì í, mo ṣí ìwé rẹ̀, mo ní kó ka ìpínrọ̀ kan fún mi. Ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, òógùn bò ó níwájú orí. Ó ń pe b ní d, ó ń fo ìlà, ó ń padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo gba ìwé náà, mo ka ìpínrọ̀ yẹn sí i létí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ro gbogbo rẹ̀ padà fún mi láìku ẹyọ kan.

Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ìṣòro yìí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe òpònú, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró ló yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo bẹ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì pé kó má ṣe mú un kàwé sókè lójú kíláàsì mọ́, kó máa bi í ní ìbéèrè lẹ́nu, kó jẹ́ kó jókòó níwájú. Èmi náà ń mú un lẹ́yìn àkókò ilé ìwé, a ń kọ́ ìró àti lẹ́tà díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ sunkún ní iwájú mi nígbà tí mo ṣàlàyé, nítorí ó ti gbé ọmọ yẹn káàkiri orí òkè àdúrà, òun náà sì ti lù ú nílé. Ọmọ náà kò di ẹni tó ń gba ipò kìíní. Àmọ́ ó ń kàwé, bó tilẹ̀ ń falẹ̀, ó sì jáwọ́ nínú èébú. Kò sí sójà kankan ní géètì tó lè rí ìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

Iṣẹ́ méjì lèyí tí mo ń sọ yìí ní Amẹ́ríkà. Olùdámọ̀ràn wà lọ́tọ̀, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ń ṣàyẹ̀wò ọmọ tí ẹ̀kọ́ tàbí ìwà ń dà láàmú wà lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ibẹ̀ ní kí ẹnì kan má ṣe bójú tó ju 250 ọmọ lọ, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní 500. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá tilẹ̀ yan ẹnikẹ́ni, ẹnì kan náà ló máa ń ṣe méjèèjì fún ilé ìwé tí ọmọ inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, òun náà ló sì ń kọ́ Civic.

Yíyan kíláàsì láti JSS3 bọ́ sí SS1 náà wà níbẹ̀. Mo ti rí ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì Art títí dé SS3 kó tó mọ̀ pé Physics, Chemistry àti Biology ni JAMB ń béèrè pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti ń wù ú láti kékeré. Ọdún mẹ́ta ti lọ. Ìjókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní SS1 ì bá ti yanjú rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àìsàn ọkàn. Àwọn onímọ̀ ìlera ti rí i pé bí ìdajì àwọn àìsàn ọpọlọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó kọjá ọmọ ọdún 14. Ọmọ JSS3 nìyẹn. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré oògùn apakòkòrò Sniper nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé e mu láti gba ẹ̀mí ara wọn. Ìyẹn dára. Àmọ́ ta ló wà nílé ìwé tó máa ṣàkíyèsí pé ọmọ kan ti jáwọ́ nínú oúnjẹ àti eré, pé ó ti ń fi àwọn nǹkan rẹ̀ tọrẹ, pé ó ń sọ pé ilé ayé ti sú òun? Olùdámọ̀ràn kì í fúnni ní oògùn, kì í sì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tètè rí i, kó bi ọmọ náà léèrè tààrà, kó pe òbí, kó sì bá wọn wá ọ̀nà dé ibi tí ìtọ́jú wà. UCH ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọkàn ọmọdé àti ọ̀dọ́, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro sì wà ní Abẹ́òkúta. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 sì ti rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958. Àwọn òbí tó ń gbàdúrà kò ṣẹ̀ mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò fúnra rẹ̀ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Aro láti 1954. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì mú ọmọ náà lọ.

Àwọn prínsípà kan máa ń bi mí pé kí ni ọmọ lágbájá sọ. Mi ò kì í sọ. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn, ibẹ̀ ló ń gbé, àfi bí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ewu tàbí bí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ọmọ náà. Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sì máa ń sọ èyí fún un, kó má bàa jẹ́ pé mo dalẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n á ní owó kò sí. Ohun tí mo ń béèrè kò gba owó tó pọ̀. Kí TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìpínlẹ̀ wa, àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yòókù kọ̀wé sí àwọn prínsípà pé ẹni tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn kò gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ kíláàsì, kò sì gbọ́dọ̀ di pàṣán mú. Kí wọ́n yan ẹnì kan sí ilé ìwé tí kò bá ní rárá. Ní ti yàrá, PTA lè fi páálí igi dá igun kan sọ́tọ̀, kí wọ́n fi ilẹ̀kùn sí i, kí ìjókòó méjì wà níbẹ̀. A ti dá owó fún ohun tó wọ́n ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin òbí tó ń kọ lẹ́tà, ní ìpàdé PTA àkọ́kọ́ sáà tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bi prínsípà yín: ta ni olùdámọ̀ràn ilé ìwé yìí, níbo ni ọmọ wa ti lè rí i láìsí ẹni tó ń gbọ́, iṣẹ́ kíláàsì mélòó ló sì ń mú lọ́sẹ̀? Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùdámọ̀ràn kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.