Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Alájọ ni mí, ọmọ mi ló ní kí n yé kọ orúkọ àwọn oníbàárà sínú ìwé mọ́, kí n kó gbogbo ẹ̀ sínú Access, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, mo sì gbà. Bí mo ṣe ń kó nọ́ńbà fóònù wọn sí i ni odo iwájú ń pòórá, 0803 di 803, àṣé èmi ni mo yan Number, tó ń kà á sí iye, níbi tó yẹ kí n yan Short Text, tó ń tọ́jú ẹ̀ bí a ṣe kọ ọ́.

Ìyẹn kéré o. Mo ń wo owó ìyá aláta kan, ọwọ́ mi bá ṣèèṣì pa odo kan rẹ́, 20,000 di 2,000, mo ní kò sí wàhálà, mi ò sáà tíì tẹ Save, mo bá sọ̀kalẹ̀ sórí ẹlòmíì. Họ́wù! Access kì í dúró de Save, béèyàn bá ti kúrò lórí ìlà yẹn báyìí ó ti tọ́jú ẹ̀ nìyẹn, bọ́tìnnì Esc, tó ń dá a padà sí bó ṣe wà, ló yẹ kí n ti tẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ káàdì àjọ tó wà lọ́wọ́ màmá náà, ariwo ì bá sọ lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún irú nǹkan báyìí, àwa tá ò kọ́ kọ̀ǹpútà níléèwé pọ̀ tá à ń ka ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni,
Alájọ kan, Ìbàdàn