Próójẹ́ẹ̀tì lórí àwọn ènìyàn ńlá: ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é

Sí Olóòtú,

Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì pé, bí táámù bá ti ń lọ sópin, olùkọ́ yóò ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún lọ ṣe próójẹ́ẹ̀tì lórí ènìyàn pàtàkì kan. Èrò náà dára. Nígbà tí William Heard Kilpatrick, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọ̀nà ìkọ́ni yìí ní ọdún 1918, ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kí ọmọ fi tọkàntọkàn dáwọ́ lé iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ mọ ìdí tí ó fi ń ṣe é. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òbí ni ó ń sáré lọ sí ìsọ̀ oníkọ̀ǹpútà. Onítọ̀hún yóò wá ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, yóò fi àwòrán mèremère sí i, òbí yóò sanwó, ọmọ yóò sì gba máàkì.

Mo rí irú rẹ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò wa, lórí Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì. Mo ní kí ó kà á sí mi létí, kò lè kọjá ìlà kejì. Mo bi í pé ta ni ó wà nínú àwòrán, ó ní, "Bàbá inú próójẹ́ẹ̀tì mi ni." Máàkì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Bẹ́ẹ̀, Adó-Èkìtì ni wọ́n ti bí Fájuyì, ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1926. Òun ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí àwọn ṣọ́jà tó dìtẹ̀ gbàjọba pa òun àti àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1966. Bí àwọn ọmọ bá fúnra wọn yọ 1926 kúrò nínú 1966, wọn yóò rí i pé ẹni ogójì ọdún ni, ọjọ́ orí bàbá àwọn mìíràn nínú wọn. Kí wọ́n wá lọ bá àwọn àgbà ilé. Àwọn kan yóò sọ pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí wọn yóò bá mú un, kí wọ́n mú àwọn méjèèjì. Àwọn mìíràn yóò ní wọ́n ti ń wá òun náà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó bá gbọ́ méjèèjì, tí ó kọ wọ́n sílẹ̀, tí ó sì sọ ẹni tí ó sọ ọ́, ti ń ṣe ìwádìí.

Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni yíyàn wà, Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni ǹ bá fi ṣáájú, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ó kú ní ọdún 1938. Ọdún tí wọ́n bí i kò dáni lójú, a kàn ń fojú bù ú sí nǹkan bí 1875 ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ ìdí tí a fi mọ ọjọ́ ìbí Fájuyì tí a kò mọ tirẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba wa níbí ní Ìkẹ́rẹ́. Ọba jókòó ní apá kan, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀; ní apá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba ń bọ̀, wọ́n gbé e lérí. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley ní London ní ọdún 1924, British Museum sì fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo ti tó kíláàsì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹnìkan lára àwọn tí ó wà lára ilẹ̀kùn, kí ó sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe àti ẹrù tí ó rù, kí wọ́n ya ilẹ̀kùn tiwọn sórí páálí, kí wọ́n sì jiyàn bóyá pàṣípààrọ̀ yẹn tọ́. (Ariwo yóò sọ níbẹ̀, mo mọ̀.)

Àwọn obìnrin ńkọ́? Àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì kò sí nínú ìwé kíláàsì, ṣùgbọ́n a lè pe ọ̀kan nínú wọn wá sí ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn olùkọ́ yóò ní ọmọ pọ̀, àkókò kò sì tó. Òótọ́ ni, èmi náà kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n a lè pín iṣẹ́ yìí sínú Yorùbá, ìṣirò àti iṣẹ́ ọnà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí àwọn ọmọ sì máa ṣe é ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: iṣẹ́ òbí ni láti mú ọmọ lọ bá bàbá àgbà, kì í ṣe láti bá a kọ ọ́.

Mo rọ àjọ tí ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì pé kí wọ́n pàṣẹ pé ohun tí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú kíláàsì ni kí ó gba máàkì tí ó pọ̀ jù. Mo sì bẹ ẹ̀yin náà, Olóòtú, pé kí ẹ fún àwọn ọmọ ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín, níbi tí ẹ ó ti máa tẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà jáde, pẹ̀lú orúkọ ọmọ tí ó béèrè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.