Lẹ́tà sí Bàbá Sàlá, lórí Ọ̀run Móoru

Bàbá Aláwàdà,

Ẹnì kan fi Ọ̀run Móoru, fíìmù yín, ránṣẹ́ sórí fóònù mi lánàá. Bó ṣe ṣí báyìí ni mo mọ̀ pé ẹ̀dà olè ni. Àwòrán ń ṣẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gé dànù, táì ràgàjì ọrùn yín ò pé mọ́. Awò ojú yín tí kò ní gíláàsì nìkan ni mo rí dáadáa. Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.

Lórí ìtàgé, bí èrò bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó fa ọ̀rọ̀ gùn. Fíìmù ò gbà bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà mílímítà 35 ń jẹ ẹsẹ̀ bàtà 90 ní ìṣẹ́jú kan. Róòlù ẹlẹ́sẹ̀ 1,000 kò ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Òṣèré ṣi ọ̀rọ̀ sọ, owó ti lọ nìyẹn, ẹ ò sì ní rí ohun tí ẹ yà títí wọn ó fi fọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ní 1982, pẹ̀lú Ọlá Balógun tó darí rẹ̀ àti Túndé Kèlání nídìí kámẹ́rà, ìṣe ahun tí ẹ máa ń ṣe kò pàdánù ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Owó yíyá lẹ sì fi ṣe é.

Báwo làwọn olè ṣe wá dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kí owó yẹn tó wọlé? Bí wọ́n bá dojú kámẹ́rà fídíò kọ ara ògiri sinimá, yóò máa ṣẹ́jú, torí àwòrán 24 ni fíìmù ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá, 25 ni fídíò ń gbà. Ẹ̀rín èrò á sì wọ inú rẹ̀. Àfi tí ẹnì kan bá dá wà pẹ̀lú róòlù lóru, tí kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Èwo ni wọ́n ṣe fún yín? Ṣé róòlù náà sùn níta lálẹ́ ọjọ́ kan ni? Ẹ̀yin tí ẹ fi ahun tó ń ṣọ́ kọ́bọ̀ pa wá lẹ́rìn-ín, bàbá, ta lẹ fi ṣọ́ róòlù?

Ó ń dùn mí, ẹ má bínú. Fíìmù tèmi wà nínú háàdì dìráìfù lórí tábìlì yìí. Mo fi àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sára àwòrán ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ ọwọ́ tó bá ti jò. Ẹni tó fẹ́ rà á ní kí n kọ́kọ́ fi odidi rẹ̀ ránṣẹ́, pé òun á sanwó tó bá yá. Gbèsè sì wà lọ́rùn mi.

Ó tún ti ń pè.