Ẹ̀sùn nípa amọ̀nà yín tó wa èrò wọ inú òjò yìnyín

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì yín tó gbéra ní Oklahoma City láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá láti lọ lépa ìjì. Kì í ṣe pé a ò rí ààjà ńlá tí wọ́n ń pè ní tornado. A rí i. Bá a ṣe rí i ló ń bí mi nínú.

Ká tó kúrò, amọ̀nà yín fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ El Reno, ìlú kan ní Oklahoma, fún wa, níbi tí ààjà tó fẹ̀ tó máìlì 2.6 ti pa Tim Samaras, Paul ọmọ rẹ̀ àti Carl Young lọ́jọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2013, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ó ní gúúsù ìlà-oòrùn ìjì la máa dúró sí, níbi tá a ti lè tètè sá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fọkàn mi balẹ̀.

Lẹ́bàá Shamrock ní Texas, a pẹ́ jù nílé epo, ìjì sì gba gúúsù wa kọjá. Dípò kí amọ̀nà yí i po, ó ní òun á la àárín òjò já. Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà tó jókòó tì mí náà bẹ̀ ẹ́. Kò dá wa lóhùn. Yìnyín tó tóbi tó àgbálùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já lu òrùlé, a ò gbóhùn ara wa mọ́. Gíláàsì iwájú sán bí òwú aláǹtakùn, ti ẹ̀gbẹ́ fọ́ sára ìyá náà. Ọwọ́ mi ni mo fi ń ṣa àfọ́kù kúrò nínú irun wọn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí wọn. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwòrán rédà tí amọ̀nà ń wò láti mọ ibi tí ìjì wà ti pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Kò mọ ibi tí ààjà wà! Ìgbà tí òjò là díẹ̀ la rí i níwájú wa gan-an, tó ń sọdá títì, tó ń gbé erùpẹ̀ pupa lọ sókè.

Mo fẹ́ràn ìjì láti kékeré. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú owó ìrìn àjò yìí.

Ẹ dá owó mi padà, ẹ san owó ìtọ́jú ìyá yẹn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú òfin yín pé amọ̀nà kankan ò gbọdọ̀ wa èrò wọ inú yìnyín. Mo gbọ́ pé ọkùnrin náà tún ń kó èrò lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná.

Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín láti Houston