Rẹ́jísítà 1979: Ìpè Sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Wa Nílé Àti Lẹ́yìn Odi

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa,

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ̀yin ará Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá, ẹ̀yin tí òtútù ń mú ní Lọ́ńdọ̀nù, a kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Owó la fẹ́ tọrọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè wí i, kó má baà dà bíi pé mo ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín wọ inú ilé. Ẹ ti gbọ́ "àgbájọ ọwọ́" lẹ́nu wa títí, mi ò ní tún un wí. Ohun tí a fẹ́ fi owó náà ṣe ni kẹ́ ẹ bá mi gbọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí bá ìjì wá, ìjì náà sì ká páànù ilé àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé girama wa, ilé gígùn oníyàrá mẹ́ta tó kọjú sí pápá. Nígbà tí káfíńtà gòkè lọ wò ó, ó ní kò sí igi níbẹ̀ mọ́, ikán ti sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni wọ́n ti rí rẹ́jísítà àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé náà ní 1979. Ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òun náà, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa bi ara yín pé kí ló wà nínú 1979. Ní October ọdún náà ni ológun gbé ìjọba fún alágbádá, tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Abẹ́ Ọ̀yọ́ la wà nígbà yẹn, ó di 1991 kí Ọ̀ṣun tó dá dúró. UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì gbé owó ilé-ìwé girama kúrò ní ìpínlẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ti wọlé: Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Èkó àti Bendel. Ọ̀fẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe tuntun, January 1955 ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi ka ìwé mẹ́fà. Àmọ́ orí ìwé mẹ́fà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ wọn dúró sí. Ọmọ tí kòkó bàbá rẹ̀ bá ṣe dáadáa á lọ sí girama ní ìlú ńlá, á máa gbé lọ́dọ̀ ìbátan, á máa pọnmi fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kó tó rí ìwé kà. Àwọn díẹ̀ a lọ sí Mọ́dà, ilé-ìwé tó tẹ̀ lé ìwé mẹ́fà àmọ́ tí kò tó girama. Àwọn tó kù, oko ni, tàbí iṣẹ́ télọ̀.

Nígbà tí a wá gbọ́ pé ẹni tó bá ti jáde ìwé mẹ́fà lè wọ girama láìsan kọ́bọ̀, àwọn tó ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ju sípánà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti hu irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tíṣà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí i pé "Ẹ káàárọ̀, sà", ó rò pé bàbá tó mú ọmọ wá ni.

Ọ̀fẹ́ dé, àmọ́ yàrá tí a ó jókòó sí kò sí. Gbọ̀ngàn ìlú la ti bẹ̀rẹ̀: fọ́ọ̀mù wáàn A níwájú, B láàárín, C lẹ́yìn, tíṣà ìṣirò àti tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ń pariwo borí ara wọn. Ni Kábíyèsí ìgbà náà bá pe ìlú jọ. Ìdílé kan yọ̀ǹda ilẹ̀. Àwọn bàbá wa bẹ̀rẹ̀ ọ̀wẹ̀ ní Sátidé Sátidé: àdúgbò kan ń wa yanrìn lódò, òmíràn ń fọ́ òkúta, àwọn ìyá wa ń ru omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì, àwa ọmọ ń to búlọ́ọ̀kù sóòrùn. Bàbá mi kò mọ̀ọ́kọ kò mọ̀ọ́kà. Títí wọ́n fi dolóògbé, bí wọ́n bá ti ń gba iwájú ilé-ìwé kọjá, wọ́n á na ọ̀pá sí igun ògiri tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n á ní, "Ibí yìí, èmi ni." Kì í ṣe "èmi ni mo kọ́ ọ." "Èmi ni" lásán.

Ilé tí ìjì ká nìyẹn.

Ọdún márùn-ún la lò. Àwọn kọ́pà kọ́ wa, tíṣà kan tó wá láti Gánà sì kọ́ wa ní ìṣirò títí tí ẹni tí kò fẹ́ràn ẹ̀ fi fẹ́ràn ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ 1983, tí ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ, òun náà kó ẹrù ẹ̀, a kò sì rí i mọ́. Ìparí ọdún yẹn ni ṣọ́jà gbàjọba. Nítorí náà, 1984 tí àwa ṣe WAEC, ọdún tí gbogbo Nàìjíríà ń tò sórí ìlà ni, tí wọ́n ní ogun ń bẹ lórí ìwà àìníjàánu. April ni wọ́n pààrọ̀ náírà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ti tọ́jú owó sínú ìkòkò fún ọ̀nà tí ọmọ ẹ̀ máa rìn lẹ́yìn ìdánwò. Ìròyìn kò tètè dé oko tí wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n fi gbé owó dé báńkì, bébà ni.

Ó wá ku ohun tí a kì í sọ níbi ayẹyẹ. Yàrá mẹ́ta la kún nígbà tí a wọlé. Nígbà tí a dé fọ́ọ̀mù fáìfù, yàrá kan àti ààbọ̀ la kù. Ìjọba kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ oko ń béèrè ọwọ́, ọmọ titun ń béèrè ẹni tó máa pọ̀n ọ́n. Ọmọbìnrin kan wà ní B tó gba ipò kìn-ín-ní ní fọ́ọ̀mù wáàn, tó tún gbà á ní tuu. Àárín fọ́ọ̀mù tíríì ni wọ́n mú un kúrò. Mo pàdé obìnrin náà lọ́jà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní kí ló dé tí a kì í rí wọn níbi ìpàdé sẹ́ẹ̀tì wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ jáde, èmi ò jáde." Wọ́n sì wọn gààrí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fún un.

Ìdí rèé tí àríyànjiyàn fi ṣẹlẹ̀ nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Gbogbo wa gbà pé ká ṣe pátákó ìrántí sára ilé náà lẹ́yìn tí a bá tún un ṣe. Àwọn kan ní orúkọ àwọn tó jáde ní 1984 ni kó wà níbẹ̀, kí ti àwọn tó bá dá owó ńlá sì fẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Mo bá wọn jà, mi ò purọ́. Ẹ má rò pé torí pé sẹ́ẹ̀tì tèmi ni. Bó bá jẹ́ ti sẹ́ẹ̀tì tèmi nìkan ni, orúkọ tèmi ti wà lára àwọn tó jáde. Ohun tí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí nìyí: gbogbo orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà 1979 ló máa wà lórí pátákó, bó ṣe tò wọ́n síbẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó jáde, ẹni tí kò jáde, ẹni tó ti lọ sọ́run. Kò ní sí Chief, kò ní sí Alhaji, kò ní sí Engineer. Àgbà kan nínú ìpàdé ló bi wá pé ta ló ti jẹ́ Engineer ní fọ́ọ̀mù wáàn.

Ó wá kan owó. Iṣẹ́ tí káfíńtà àti bíríkìlà kọ fún wa, pẹ̀lú igi tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa, páànù, àjà, fèrèsé àti ilẹ̀ yàrá, jẹ́ ₦6,500,000. Ẹ̀yin tó wà nílé, ₦5,000. Ẹ̀yin tó ń gbé níbòmíràn ní Nàìjíríà, ₦20,000. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ₦100,000. Ẹni tí kò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀ lè fi ọ̀wẹ̀ ọjọ́ méjì dípò, bí àwọn bàbá wa ti ṣe. A kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ tíṣà tó bá ti fẹ̀yìntì.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Owó ọgbà ilé-ìwé tí a gbà nígbà kan, a kò jábọ̀ rẹ̀ fún yín títí dòní. Ògiri tí ẹ rí níbẹ̀ kò dé orúnkún. Ẹ̀bi wa ni, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má kówó fún akọ̀wé, títí kan èmi. Àkápò ẹ̀ka yín ni kẹ́ ẹ sanwó fún, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Àwọn obìnrin ọjà ló máa ra ẹrù, torí wọn kì í rà á lọ́wọ́n, Ìyálọ́jà ló sì máa mú kọ́kọ́rọ́ ibi tí a ń kó o sí lọ́wọ́. Ní gbogbo ìparí oṣù, a ó lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn ọmọ tó yẹ kó wà nínú yàrá mẹ́ta yẹn ń há ara wọn mọ́ inú yàrá ẹlòmíràn báyìí, nítorí náà a fẹ́ parí rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ní September.

Nǹkan mìíràn tí a ń tọrọ kì í ṣe owó. Ojú-ewé tó kẹ́yìn nínú rẹ́jísítà, ti fọ́ọ̀mù wáàn C, ikán ti jẹ apá kan rẹ̀. Orúkọ mẹ́rin la kò lè kà tán. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Adé". Òmíràn, "bùnmi" ló kù lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta, orúkọ àdúgbò bàbá rẹ̀ nìkan la rí, ìyẹn sì ni Òkè-Ọjà. Ẹ̀kẹrin, àbàwọ́n tàdáwà ló kù. Bí ìyá yín bá ṣì wà láyé, tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà ní C nígbà náà, ẹ bá wa bi wọ́n. Sátidé tó parí oṣù yìí la máa gbé rẹ́jísítà náà wá sí gbọ̀ngàn, láago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lè wá fọwọ́ tọ́ka sí i.

Tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé ẹgbẹ́, fọ́ọ̀mù wáàn A, 1979