Wọ́n ṣílẹ̀kùn, àrùn ò tíì lọ: lẹ́tà sí ọmọ mi

Àjàní ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò tó o gbé sórí WhatsApp ẹ lálẹ́ Sátidé. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín torí ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ kó o yọ eyín báyẹn, oṣù mélòó la fi wà nínú kónílé-ó-gbélé kòrónà ọdún 2020 yìí tójú gbogbo wa le koko. Ìgbà tí mo wá fẹ fọ́tò náà kó tóbi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà yín. Ẹ̀yin 14 lẹ wà nínú yàrá kan, wíńdò ẹ̀yìn yín tì pa, ìbòmú kan ṣoṣo ni mo rí, abẹ́ àgbọ̀n ọmọkùnrin tó di ọrùn ẹ mú ló sì wà. Mi ò pè ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà torí mo mọ̀ pé tí mo bá pè màá pariwo, tí mo bá sì pariwo wàá ní "bẹ́ẹ̀ ni sà", ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ó gùn díẹ̀, rọra kà á. Àwọn àgbà ní tí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí ò dáa, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru, àṣé kòkòrò gidi ni wọ́n ń sọ.

Mo mọ nǹkan tó o máa sọ. Wọ́n ti ní ká jáde. Òótọ́ ni, wọ́n ti ṣí ọjà, wọ́n ti ṣí ọ́fíìsì, wọ́n ti ṣí ilé ìjọsìn. Àmọ́ kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi ṣí i? Ebi ni, iṣẹ́ tó dúró ni, owó tí ò wọlé mọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lọ bá kòkòrò yẹn jókòó kí wọ́n jọ ṣàdéhùn. Àwọn tó ṣílẹ̀kùn mọ̀ pé ó ṣì wà níta, wọ́n kàn gbà pé àwa tá a ń jáde la máa ṣọ́ra, àwa náà wá gbà pé wọ́n ti bá wa ṣọ́ra tán kí wọ́n tó ṣí i. Kò wá sẹ́ni tó ń ṣọ́ra mọ́.

O mọ̀ pé olùkọ́ ìṣirò ni mí, jẹ́ kí n ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é fún ẹ nígbà tó o wà ní kékeré. Ẹni tó kó kòrónà lónìí ò ní mọ̀ lónìí. Ó máa ń tó ọjọ́ 5 tàbí 6 kára tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó lè tó 14. Tó bá máa le débi tí wọ́n á gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó tún lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí i. Kó tó lọ ṣàyẹ̀wò, kí èsì tó jáde, kí wọ́n tó kà á mọ́ iye tí wọ́n ń kéde lórí rédíò, gbogbo ẹ̀ ọjọ́ ni. Nítorí náà iye tó o gbọ́ láàárọ̀ yìí, nǹkan tá a ṣe ní bí ọ̀sẹ̀ 2 sẹ́yìn ni wọ́n ń kà fún wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fi máa ń dùn, tí gbogbo èèyàn á máa sọ pé ṣé ẹ rí i, kò mà sí nǹkan kan, tí wọ́n á ti ìbòmú bọ àpò, tí wọ́n á máa bọ ara wọn lọ́wọ́, ìgbà tí iye bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹni àkọ́kọ́ ti kó o ran ẹlòmíì, ẹlòmíì yẹn náà ti kó o délé. Ká ní èèyàn 10 ló ní i, tí iye yẹn ń di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọjọ́ 30 péré ó ti di 640. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni, ó ti lé ní 10,000. Ìṣirò ò mọ ọmọ ẹnì kankan lójú.

Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tí ò tíì wúkọ́ rárá lè kó o ranni, ó lè bẹ̀rẹ̀ ní bí ọjọ́ 2 kára tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, àwọn kan wà tí nǹkan kan ò ní ṣe wọ́n títí wọ́n á fi kó o ranni tí wọ́n á sì fi yá. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó bá ní ara ẹ ò gbóná, òótọ́ ló sọ, àmọ́ kì í ṣe nǹkan tó yẹ ká bi í nìyẹn. Mo rí ibì kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wọn ìgbóná ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n da sànítáísà sí wa lọ́wọ́, wọ́n wá kó gbogbo wa sínú yàrá kan tí ò ní wíńdò, a wá ń fún ara wa mọ́ ògiri. Ẹni tó ń wọn ìgbóná gan-an, imú ẹ̀ wà níta.

Má rò pé àwa la kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ o. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn gágá (influenza) ọdún 1918, ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí gbogbo èèyàn máa lo ìbòmú. Nǹkan rọlẹ̀, nígbà tó di November 21, wọ́n fọn fèrè lọ́sàn-án gangan pé ó ti tán, inú àwọn èèyàn dùn débi pé wọ́n bọ́ ìbòmú sọ sójú títì, ilẹ̀ kún. January 1919 àrùn ti padà dé, wọ́n sì tún òfin yẹn ṣe. Àwọn tó kó o láàárín oṣù méjì yẹn ni mo máa ń rò.

O ti sọ fún mi rí pé ìbòmú ò ṣe nǹkan kan, pé aṣọ lásán ni. Jẹ́ kí n fi méjì hàn ẹ́, torí nínú kónílé-ó-gbélé yìí mo ti kàwé lórí fóònù débi pé màmá ẹ ti ń pè mí ní dókítà. Ní oṣù March 2020, ẹgbẹ́ akọrin kan ní Skagit County ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, pàdé láti fi orin dánra wò fún wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹni 61 ló wà níbẹ̀, ẹyọ ẹnì kan ni nǹkan bí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ìgbà tí wọ́n kà á tán, tó fi mọ́ ẹni yẹn fúnra ẹ̀, ẹni 53 ló ṣàìsàn, 2 kú. Orin ni wọ́n kọ o, wọn ò jà. Ní oṣù May ọdún kan náà, àwọn méjì tó ń ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Springfield, ìpínlẹ̀ Missouri, ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kòrónà ti wà lára wọn, oníbàárà 139 ló jókòó síwájú wọn, orí ẹni sì ni wọ́n ń dì mú, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ jìnnà. Àwọn méjèèjì lo ìbòmú, àwọn oníbàárà náà lò ó. Wọ́n ṣàyẹ̀wò fún 67 nínú àwọn oníbàárà yẹn, kò sí ẹyọ kan tó ní i. Aṣọ pélébé lásán náà ni.

Èémí ló ń gbé e kiri. Tá a bá ń sọ̀rọ̀, tá a bá ń rẹ́rìn-ín, tá a bá ń kọrin, itọ́ wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí ló ń jáde lẹ́nu wa, tí yàrá bá sì tì pa á dúró nínú afẹ́fẹ́ bí èéfín sìgá. Ìta gbangba afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Wíńdò ẹ̀yìn yín yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù, torí ó kàn wà níbẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀.

Nǹkan kan wà tá a ò sọ fún ẹ, èmi àti màmá ẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ọ̀rẹ́ mi kan wá gbé mi nínú mọ́tò ẹ̀. Èmi tí mò ń bá gbogbo yín wí yìí náà ni. A dì mọ́ra torí ó ti pẹ́ tá a ti ríra, a gbé gíláàsì sókè, a tan éésì, ó fa ìbòmú ẹ̀ wálẹ̀ pé ooru ń mú òun, ojú tì mí láti sọ pé kó fà á padà, lèmi náà bá fa tèmi wálẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú la fi sọ̀rọ̀ tá a fi rẹ́rìn-ín. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá ìyá àgbà lórí àga, mo di ọwọ́ méjèèjì mú láti fà wọ́n dìde bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́ kẹrin ọ̀rẹ́ mi pè mí pé òun ò gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́, wọ́n sì ti ṣàyẹ̀wò fóun. Àjàní, ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń rìn kiri inú ilé. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo tìlẹ̀kùn, ọjọ́ 14. Màmá ẹ gbé àpótí kan sẹ́nu ọ̀nà, á gbé oúnjẹ lé e, á kan ilẹ̀kùn, á sì yà kúrò kí n tó ṣí i. Láràárọ̀ tí mo bá ti jí, nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé màá gbé ọṣẹ sí imú, tí mo bá ti gbọ́ òórùn ẹ̀ màá mí kanlẹ̀, ìgbà míì mo máa ń tún un gbé sí imú bóyá ọkàn mi ló ń tàn mí. Ìyá àgbà á wá jókòó lọ́nà jíjìn ní kọ́rídọ̀, wọ́n á bi mí pé ṣé mo jí dáadáa, wọn ò mọ̀ pé èmi ni mò ń gbọ́ ohùn tiwọn bóyá wọ́n ń wúkọ́. Wọ́n ti lé ní 78, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn nínú wa, a dúpẹ́, àmọ́ orí ló yọ wá, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ọ̀rẹ́ mi náà yá, ṣùgbọ́n títí di báyìí tó bá gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀ á dúró ní àárín kó mí.

Ìtìjú ló mú mi, ìyẹn ni mo fẹ́ kó o gbọ́. Mo mọ gbogbo ìṣirò tí mo ṣe fún ẹ lókè yìí, àmọ́ mi ò lè sọ fún àgbàlagbà ẹlẹgbẹ́ mi pé fi nǹkan bo imú ẹ. Torí náà mi ò ní sọ pé ó rọrùn fún ẹ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, wọ́n á fi ẹ́ ṣẹ̀sín, wọ́n á ní ojo ni ẹ́. Di ẹ̀bi náà lé mi lórí. Sọ fún wọn pé bàbá ẹ le, pé ó ń pè ẹ́ ní vídíò lójijì, pé tó bá rí i pé imú ẹ wà níta kò ní sinmi. Mo fọwọ́ sí i, parọ́ mọ́ mi. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kóra jọ, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ ní ẹ jẹ́ ká lọ síta, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ló máa ń gbé e lọ. Tí ò bá sí ìta, dìde lọ ṣí wíńdò, má gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Tí ọ̀fun bá ń ta ẹ́ lásán, jókòó sílé, má ní òtútù lásán ni, ẹni tó lọ kọrin yẹn náà rò bẹ́ẹ̀. Tó o bá sì rí ẹni tí ò lò ó nínú bọ́ọ̀sì, má bá a jà, sún síbi wíńdò.

Mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnì kankan sọ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ ń gbé e kiri, mo ti sọ tèmi fún ẹ.

O ní o fẹ́ wá sílé ní Sátidé tó ń bọ̀. Sátidé tó kọjá sí Sátidé tó ń bọ̀, ọjọ́ 7 ni, kò tíì pé 14. Sún un sí Sátidé tó tẹ̀ lé e, tí nǹkan kan bá sì ti ń ṣe ẹ́ kó tó dìgbà náà, pè mí, mi ò ní pariwo. Ìyá àgbà ti ń béèrè ẹ, mo ní iṣẹ́ ló dí ẹ lọ́wọ́. Tó o bá dé, má wọlé tààrà, mo ti gbé àga 2 síta sábẹ́ igi, èyí tó sún mọ́ ògiri ni tiwọn, o máa rí tìẹ lápá kejì, má fà á sún mọ́ wọn o, mo ti wọn ìwọ̀n ẹ̀.

Èmi bàbá ẹ.