Lẹ́tà Ìyá sí Àdùkẹ́ Lórí Kọmíṣọ̀n Àwọn Alágbàtà Rẹ̀

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Àdùkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé, bàbá rẹ sì ní kí n kí ọ. Mo ti ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé láti oṣù mẹ́ta tí o ti ń wá àwọn alágbàtà tí yóò máa bá ọ polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí ẹ̀yin ń pè ní affiliate, ènìyàn mẹ́rin péré ló forúkọ sílẹ̀, tí kò sì sí èyí tó tíì mú oníbàárà kan ṣoṣo wá nínú wọn. O ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni kọmíṣọ̀n wọn, ìbáà jẹ́ aṣọ ni wọ́n tà tàbí ẹ̀kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí o ká sínú fídíò. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ́, nítorí iye kan náà ni o dá lé ọjà méjì tí ìnáwó wọn kò jọra rárá.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú aṣọ. Mo ti jókòó tì ọ́ rí nígbà tí o ń ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàn dùn, tí o ń ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, tí o ń fà á díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ sì ṣú kí o tó parí ẹyọ kan. ₦15,000 ni o ń tà á. O sọ fún mi pé aṣọ funfun, aró, láfún àti owó ọmọ tó ń bá ọ rẹ ẹ́ ń gba ₦10,500. Bí o bá yọ ₦1,500 fún alágbàtà, tí Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá ọ gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì mú ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100 tirẹ̀, ₦2,675 ló kù sí ọ lọ́wọ́. Ìdá 10 tó fún aṣọ, má fi kún un.

Ti ẹ̀kọ́ yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lo ká a sílẹ̀, ẹni ọgọ́rùn-ún tó bá rà á kò sì ní ná ọ ní láfún kankan. Nínú ₦20,000 rẹ̀, ₦400 ni Paystack ń mú. Wàyí o, fi ara rẹ sí ipò alágbàtà náà: òun ló ń ra dátà, òun ló ń dáhùn ìbéèrè títí di òru, òun ló sì ń sanwó ìpolówó fún Facebook. Bí ó bá ná ₦4,000 kó tó rí olùrà kan, tí o wá fún un ní ₦2,000, o ti jẹ ẹ́ ní gbèsè nìyẹn. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Fún un ní ìdá 40, èyíinì ni ₦8,000, ₦11,600 yóò ṣẹ́ kù fún ọ lórí olùrà tí ìwọ fúnra rẹ kì bá tí mọ̀ láéláé. Àwọn tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ lórí ClickBank, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, máa ń fún alágbàtà ní ìdajì, àwọn mìíràn sì ń fún wọn tó ìdá 75.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 60. Ìdí ni pé kọmíṣọ̀n rọrùn láti fi kún, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ni bí a bá dín in kù. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún, mo ń gba léèsì lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá kan, mo ń gbé e lọ bá àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ní Bódìjà. ₦5 ni àdéhùn wa lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oníbàárà ti wá pọ̀, ó sọ ọ́ di ₦2 láìbá mi sọ, ọjọ́ tí mo lọ gbowó ni mo tó mọ̀. N kò bá a jà. Mo kó àwọn oníbàárà mi lọ sí ìsọ̀ mìíràn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, títí dòní ni ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí. Ohun tó jọ ọ́ ni Amazon, ilé ìtajà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì nì, ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí wọ́n já kọmíṣọ̀n ohun èlò ilé láti ìdá 8 sí ìdá 3, tí wọ́n sì já ti oúnjẹ láti ìdá 5 sí ìdá 1. Amazon tóbi tó láti rù ú, ìwọ kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìdá 40 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá sì ta mẹ́wàá lóṣù kan máa gba ìdá 45 lórí èyí tó bá tà lé e.

Wo ọ̀rọ̀ líǹkì náà dáadáa, èyí tí olùrà máa ń tẹ̀ kí a lè mọ alágbàtà tó mú un wá. Ní Amazon, wákàtí 24 ni líǹkì alágbàtà fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn kò bá ọjà rẹ mu, nítorí ẹni tó fẹ́ san ₦20,000 ní ìlú yìí máa ń dúró de owó oṣù. Fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́, kí iṣẹ́ alágbàtà má baà ṣòfò nítorí pé olùrà lọ ronú. Bí o bá sì ń fún olùrà ní ọjọ́ méje láti gba owó rẹ̀ padà, di kọmíṣọ̀n náà mú fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n sọ ọ́ fún wọn ṣáájú.

Kọ àdéhùn náà lákọ̀tun, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kí o tó gbé e jáde. Ọjọ́ tí owó yóò máa wọ àkáǹtì wọn ni kí o kọ sí ìlà kìíní, nítorí ohun tí èmi náà kọ́kọ́ ń wò nìyẹn nígbà tí mo ń gbé léèsì kiri.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.